Ó Bára Mu Jù

Ọdún kejì rèé tí ẹ̀rọ ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ àbúrò aránṣọ kan, àárẹ̀ sì ti mú òun tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ju aláìsàn lọ. Kíndìnrín tirẹ̀ kan ló fẹ́ fún un, kí àwọn méjèèjì lè sinmi. Láti kékeré ni ẹbí ti ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọn ò jọra: ọ̀kan dúdú, ọ̀kan pupa.

Lọ́jọ́ tí èsì àyẹ̀wò jáde, ó béèrè pé, “Dókítà, ṣé ó bára mu?”

“Ó bára mu jù, mà. Ohun tí àbúrò yín jogún lára òbí yín, tó ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́, ẹ̀yin náà jogún ẹ̀. A ò lè yọ tiyín.”

Ó wọ́ ẹsẹ̀ lọ sídìí ẹ̀rọ.

“Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni wọ́n wí?”

“Wọ́n ní ìyá kan náà, bàbá kan náà ló bí wa. Kò sí àní-àní.”