Ọkọ̀ Tó Mọ Olódò

Láyé ìgbà tí àwọn ará oko ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dẹ́kun àtimáa sá wọ igbó bí wọ́n bá gbúròó mọ́tò, dẹ́rẹ́bà kan wà ní Akínyẹlé tí ń jẹ́ Dàpọ̀. Ọkọ̀ tó ń wà kì í ṣe ọkọ̀ lásán. Òyìnbó kan tó ń yẹ igi kòkó wò káàkiri ló kan ilé pákó kékeré sí ẹ̀yìn rẹ̀, tó fi fèrèsé méjì sí i, tó tẹ́ ibùsùn sínú rẹ̀, tó sì ń sùn síbikíbi tí ilẹ̀ bá ṣú u sí. Nígbà tó ń padà sí ìlú rẹ̀, ó fi í ta ìjọ lọ́rẹ, ìjọ sì gbé e fún Bàbá Josiah, àgbà oníwàásù kan ní Lálúpọn, kó máa fi yí àwọn abúlé ká. Ọkọ̀ ọ̀hún ti darúgbó nígbà náà. Gbogbo ara rẹ̀ ní ń dún, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ kì í sì í tì dáadáa.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kọ̀ọ̀kan, Dàpọ̀ á dá gbéra láti Akínyẹlé, á gba Ìbàdàn kọjá, á forí lé Lálúpọn láti lọ gbé Bàbá Josiah. Ojú ọ̀nà yẹn ni wàhálà wà. Ó ti tó oṣù méjì tí ọkọ̀ yìí kò kọjá Olódò rí láìdúró. Á sáré dáadáa láti ilé, àmọ́ bó bá ti dé iwájú ìsọ̀ Mùjíbátù tó ń ta epo pupa, á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á kú. Dàpọ̀ á sọ̀ kalẹ̀, á ṣépè, á wo iwájú, á gbé ìjókòó sókè wo epo, á tún yí irin, ọkọ̀ á sì jí bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe rí.

Kì í ṣe pé kò wá ìdí rẹ̀. Ó gbé e lọ bá Múyì, fítà kan ní Ìbàdàn. Múyì palẹ̀ gbogbo ohun tó wà lórí ìjókòó mọ́, ó tú páìpù epo, ó fẹ́ ẹ, ó nu ibi tí iná ti ń ṣẹ́, ó wá jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Kò kú. Múyì ní kò sí ohun tó ṣe ọkọ̀, kí Dàpọ̀ lọ wo ara rẹ̀. Dàpọ̀ tún rò pé ìdọ̀tí ló wà nínú epo bẹntiróòlù, ó fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ tán pátápátá. Lọ́jọ́ Ajé, ọkọ̀ tún kú ní Olódò.

Ó yẹ kí n ti sọ fún yín pé opó ni Mùjíbátù, tí wọ́n tún ń pè ní Ìyá Sàníù, pé ó pupa, pé ó léjì, pé ẹ̀rín kò wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Akínwándé, aládùúgbò Dàpọ̀ tó ń kó obì lọ sí Lálúpọn, kọ́kọ́ rí ọkọ̀ níwájú ìsọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Ó rí i lẹ́ẹ̀kejì, dídákẹ́ kò ṣeé ṣe mọ́. Òfófó kì í gbẹ́gbàá, ibi ọpẹ́ ní ń mọ. Kí oòrùn tó wọ̀, Ìbídùnní ìyàwó Dàpọ̀ ti gbọ́ pé ọkọ̀ ọkọ òun mọ ilé opó kan ní Olódò ju bí ẹṣin ṣe mọ ibùjẹ lọ. Bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, tí Dàpọ̀ bá ń dá bọ̀ wálé, ọkọ̀ kan náà a máa kú ní Mọníyà, níwájú alágbẹ̀dẹ kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ kan àyà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ru ìròyìn alágbẹ̀dẹ wá fún ìyàwó ẹni?

Ìbídùnní kò pariwo, ìyẹn ló sì ba Dàpọ̀ lẹ́rù. Ó gbé oúnjẹ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó jókòó tì í.

“Ọkọ mi, bí ọkọ̀ yẹn bá tún dúró ní Olódò, mo ń padà sílé bàbá mi ní Ìjàyè. N ò ní bá ẹnikẹ́ni jà.”

Dàpọ̀ mọ̀ pé ohun tó bá sọ ló máa ṣe. Ọdún kejì tí wọ́n fẹ́ra nìyẹn, kò sì sí ohun tó fẹ́ràn láyé tó obìnrin náà. Nígbà tí awọ ìjókòó ọkọ̀ jẹrà tán, tó ku pákó, tí Dàpọ̀ ń ráhùn pé ìdí ń ro òun, ta ló ṣa òwú àràbà? Ìbídùnní ni. Òun ló rán tìmùtìmù kan fún un, ó nípọn, ó rọ̀, ó fi ìrépé òfì bò ó. Ìdí Dàpọ̀ sinmi. Ọkàn rẹ̀ ni kò sinmi láti ìgbà náà.

Nígbà tí ọjọ́ Ajé tún pé, Ìbídùnní ní àwọn jọ ń lọ ni. Dàpọ̀ yọ̀, ó ní yóò fojú ara rẹ̀ rí i. Ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ń bínú sí kì í jókòó lórí tìmùtìmù kí ìyàwó wà lórí pákó, nítorí náà ó tẹ́ tìmùtìmù fún un, òun sì jókòó sórí pákó lásán. Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ Olódò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà nínú pé kí ọkọ̀ kú. N ò gbọ́ irú àdúrà bẹ́ẹ̀ rí lẹ́nu dẹ́rẹ́bà. Ọkọ̀ kò tilẹ̀ wúkọ́. Wọ́n ń kọjá lọ ni Mùjíbátù gbé ọwọ́ sókè nínú ìsọ̀ rẹ̀, ó ní, “Dẹ́rẹ́bà, ṣé o ò dúró lónìí ni?”

Ìbídùnní kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ó ní ara ọkọ̀ mà ti yá o. Nígbà tí wọ́n padà délé, ó ní kí Dàpọ̀ dá lọ lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, bí ọkọ̀ bá dúró, kó má wulẹ̀ wá òun nílé.

Lọ́jọ́ náà, Dàpọ̀ jí, kò bá ìyàwó rẹ̀ nílé. Ó rò pé odò ló lọ. Ó jókòó lórí tìmùtìmù rẹ̀ pẹ̀lú ìbànújẹ́, ó wa ọkọ̀ gba Ìbàdàn kọjá, ó ń bẹ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń bẹ àgbàlagbà. Ó dé Olódò. Ọkọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kú síwájú ìsọ̀ epo. Dàpọ̀ gbé orí lé ọwọ́, omi dà lójú rẹ̀.

Mùjíbátù jáde sí i, ó bi í pé kí ló ń pa á lẹ́kún lówùúrọ̀. Dàpọ̀ ro gbogbo rẹ̀ fún un, ti òfófó, ti Ìjàyè, kò fi ọ̀kan pamọ́. Mùjíbátù rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀. Nígbà tó rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, ó dìde.

Ó ní, “Ó pẹ́ tí mo ti ń wò ọ́. Sọ̀ kalẹ̀, kí o ṣe bí o ti máa ń ṣe, ṣùgbọ́n má ṣépè. Fetí sílẹ̀.”

Ó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ pé abẹ́ ìjókòó ni àgbá epo ọkọ̀ náà wà, ìdérí rẹ̀ sì yọ orí díẹ̀ láàárín pákó, níbi tí itan méjèèjì dẹ́rẹ́bà ti pínyà. Ihò tín-ín-rín kan wà lórí ìdérí yìí. Dàpọ̀ rò pé ìpẹtà ló lu ú. Ó gbé tìmùtìmù kúrò, nǹkan kan sì dún láti inú ihò náà, fíìì, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ọwọ́ kúrò lọ́rùn rẹ̀. Láti oṣù méjì ló ti ń dún bẹ́ẹ̀. Èpè Dàpọ̀ ni kò jẹ́ kó gbọ́.

Mùjíbátù gbé kèrègbè epo kan wá, èyí tó ti lu ihò kékeré sí nídìí. Ó dà á dé sórí abọ́, epo ń ṣàn. Ó fi àtàǹpàkò dí ihò ìdí rẹ̀, epo dá. Ó ṣí i, epo tún ṣàn.

“Epo kì í jáde níbi tí afẹ́fẹ́ kò bá ti ráyè wọlé. Kí ni o fi ń dí ọkọ̀ yìí nímú?”

Ni ojú Dàpọ̀ bá là. Nígbà tí Múyì yẹ ọkọ̀ wò, tìmùtìmù wà nílẹ̀. Nígbà tí Ìbídùnní bá a wá, abẹ́ Ìbídùnní ló wà. Láàárín ọ̀sẹ̀, abẹ́ Bàbá Josiah ló ń wà. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, wọ́n ní inú àpò ṣòkòtò ló ń wà. Ti Dàpọ̀ kò tilẹ̀ sí nínú àpò, abẹ́ ṣòkòtò ló wà. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́ jó, àfi bó tún ṣe fajú ro lójijì.

Ó ní, “Ìyá Sàníù, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ nílé? Ó fi ìfẹ́ rán an fún mi ni. Ẹ jẹ́ n kúkú sọ pé páìpù ló dí.”

“Páìpù wo?”

Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ohùn ti wá. Ìbídùnní ló ṣí ilẹ̀kùn ilé pákó, tó ń sọ̀ kalẹ̀, eruku lójú, gèlè lọ́wọ́. Lórí ibùsùn Bàbá Josiah ló dùbúlẹ̀ sí láti àfẹ̀mọ́júmọ́, kó lè ká ọkọ rẹ̀ mọ́ ìsọ̀ opó náà. Ó ti gbọ́ ẹkún, ó ti gbọ́ ẹ̀rín, ó ti gbọ́ fíìì. Ó gba tìmùtìmù lọ́wọ́ Dàpọ̀, ó yí i síwá sẹ́yìn.

“Èmi ni mo ń dá yín dúró ní Olódò láti ọjọ́ yìí.”

Ojú tì í, ẹ̀rín ń pa á, ó wá ń ṣe méjèèjì pọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí Mùjíbátù, ó ní kó má bínú sí òun. Mùjíbátù fà á dìde, ó fún un ní ọ̀bẹ. Ìbídùnní dá ihò sí àárín tìmùtìmù náà, òwú àràbà ń fò lọ sórí abọ́ epo, wọ́n jọ fi okùn rán etí ihò náà. Bàbá Josiah dúró dè wọ́n títí ní Lálúpọn lọ́jọ́ náà.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Akínwándé sáré wọ agboolé Dàpọ̀, kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀. Ó ní kí Ìbídùnní wá gbọ́, pé ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ tún ti dúró níwájú ìsọ̀ opó yẹn ní Olódò. Ìbídùnní ń bó iṣu lọ ní tirẹ̀, kò gbójú sókè.

Ó ní, “Èmi ni mo ní kó dúró. Epo ilé ti tán.”