Ohùn Tó Ń Sọ Pé Kí Màámi Ṣáná

Láti ìgbà tí àìsàn kan ti dá màámi dùbúlẹ̀ ni imú wọn ò ti gbóòórùn mọ́. Ojú bàámi ní tiwọn ti lọ tipẹ́. Télọ̀ ni wọ́n, wọ́n sì máa ń sọ pé abẹ́rẹ́ ló jẹ ojú àwọn tán. Àwọn méjèèjì wá pín iṣẹ́ títan gáàsì ìdáná láàárín ara wọn. Màámi á po ọṣẹ mọ́ omi, wọ́n á fi kànìnkànìn pa á sára rọ́bà láti ẹnu sílíńdà dé ìdí sítóòfù, wọ́n á wò ó bóyá ìfóòfó ń wú níbì kan, ìyẹn ni pé gáàsì ń jò níbẹ̀. Bàámi á fimú fínlẹ̀ láti orí àga wọn lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. Àfi tí wọ́n bá ní, "Tàn án, arẹwà," ni màámi tó ń ṣáná. Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé odindi àgbàlagbà méjì ló ń se omi gbígbóná.

Bàámi kú. Mo ní kí màámi máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi, wọ́n fárígá. Gáàsì yẹn ni ò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo yà kí wọn. Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn ni òórùn gáàsì bò mí. Màámi dúró ti sítóòfù, ìṣáná lọ́wọ́, wọ́n dojú kọ àga bàámi.

"Màámi, ẹ má ṣá a."

Mo rọra gbà á lọ́wọ́ wọn, mo yí ẹnu sílíńdà pa, mo ṣí gbogbo fèrèsé, mi ò fọwọ́ kan iná mànàmáná, mo sì fà wọ́n jáde. Ibi tí wọ́n ń yí lára sítóòfù ló ṣí díẹ̀, bóyá nígbà tí wọ́n ń nù ún. Ọṣẹ ò lè mú ìyẹn, imú nìkan ni.

Mo bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń dúró dè.

"Mo bi bàbá ẹ bóyá kí n tàn án," ni wọ́n wí. "Wọn ò dá mi lóhùn."

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń béèrè látìgbà ìsìnkú. Wọn ò tíì ṣáná látìgbà náà, búrẹ́dì ni wọ́n ń jẹ, omi tútù ni wọ́n sì ń mu.

Nígbà tí atẹ́gùn ti fẹ́ sínú ilé dáadáa, a padà wọlé, mo yí ibi tó ṣí lára sítóòfù pa, mo tún ṣí sílíńdà, mo fi ọṣẹ pa rọ́bà, mo jókòó sórí àga bàámi, mo sì fimú fínlẹ̀ títí ó fi dá mi lójú.

"Ẹ tàn án, Màámi."

Wọn ò ṣá a. "Ohùn wọn kọ́ nìyẹn," ni wọ́n wí, wọ́n sì bú sẹ́kún, ẹkún tí wọn ò sun níbi ìsìnkú. Èmi náà sunkún. Nígbà tó yá, mo nu ojú mi, mo tún un sọ.

Wọ́n ṣáná.