Ìbàdíàrán Lórí Wáìfáì

Ẹ wo orúkọ o: Ìbàdíàrán! Kì í ṣe pé ẹnì kan pè é sí mi létí. Ojú kọ̀ǹpútà ni mo ti rí i, ní gbangba, láàárín orúkọ fóònù àwọn oníbàárà wa. Èmi tí ìdí mi rí pẹlẹbẹ báyìí ni mo jókòó síwájú rẹ̀ tí mò ń kà á.

Èmi ni Waheedat, Ìyá Mùyíbà. Ìsàlẹ̀-Táabà níbí, ní Ṣakí, ni èmi àti ọkọ mi, Samsudeen, ti ṣí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà, níwájú ilé ẹbí wọn gan-an. Àwọn ọmọ pólì máa ń wá tẹ iṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì máa ń lo wáìfáì wa. Nígbà tí dátà bẹ̀rẹ̀ sí í tán tí a ò mọ ẹni tó ń jẹ ẹ́, ọkọ mi gbé nǹkan kan sórí kọ̀ǹpútà ńlá tó wà lórí tábìlì mi. Bí fóònù kan bá ti wọ wáìfáì wa, nǹkan náà á gbé orúkọ tí ẹni tó ni fóònù sọ ọ́ jáde. Bí fóònù bá lọ, orúkọ á lọ. Mo sọ ọ́ ní Mẹ́gáàdì, torí ẹnu ọ̀nà ló ń ṣọ́.

Mo mọ orúkọ sọ, ẹ bi wọ́n léèrè nílé yẹn. Ọkọ mi nìkan ni ọkùnrin tí ìyá wọn bí, obìnrin ni àwọn tó kù, nítorí náà èmi nìkan ni ìyàwó ilé. Ẹ sì mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ ní orúkọ tí wọ́n fún un. Òun ló máa wá orúkọ tirẹ̀ tí yóò máa pè é. Èmi ni mo sọ ẹ̀gbọ́n wọn ní Arẹwà. Èmi ni mo sọ àbúrò wọn, Abíọ́nà, ní Akọ̀wé, torí ìwé kì í kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà tí mo dé ilé wọn. Èmi àti Akọ̀wé di ọ̀rẹ́ débi pé a kì í ṣe "ẹ̀yin" fún ara wa. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn, ó fi sọ fóònù ẹ̀. Tàárọ̀ tìrọ̀lẹ́ ni "Akọ̀wé" máa ń wà lójú Mẹ́gáàdì.

Ṣùgbọ́n n kì í pe ọkọ mi ní "ó" o. "Wọ́n" ni. Bí inú tilẹ̀ ń bí mi sí wọn, "ẹ̀yin" náà ni. Nígbà tí wọ́n ń fẹ́ mi, wọ́n ní ẹ̀sìn wa gba ọkùnrin láyè ju ìyàwó kan lọ, àmọ́ bí ọkàn àwọn bá lọ síbẹ̀, èmi ni àwọn máa kọ́kọ́ sọ fún, n ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ yẹn ni ọkàn mi fi balẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Òun náà ni Ìbàdíàrán wá fẹ́ gbà mọ́ mi lọ́wọ́.

Ọ̀sẹ̀ kì í lọ kí ọkọ mi má dé Òkèhò. Wọ́n ní iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Akọ̀wé náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀ dé ni, pólì ló ní kó lọ kọ́ṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan, ọkọ mi ló sì bá a wá ilé tó gbé. Láti ìgbà tí wọ́n ti jọ dé ni orúkọ burúkú yìí ti ń yọ. Bó bá ti yọ, ọkọ mi á jókòó sórí àga, wọn á máa rẹ́rìn-ín sí fóònù. Mo bi wọ́n.

"Bàbá Mùyíbà, ta ni Ìbàdíàrán?"

Wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Oníbàárà kan ni, àbí?"

"Oníbàárà wo ló ń lo wáìfáì nígbà tí a ti ti ṣọ́ọ̀bù?"

"Ìwọ náà! Fi nǹkan yẹn sílẹ̀ jàre. Bóyá irọ́ ló ń pa."

Irọ́ kẹ̀! Mo jowú, n ò ní fi pamọ́ fún yín. Obìnrin tó bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù wa, ìdí ẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò kí n tó wo ojú ẹ̀. Ọ̀kan wá ṣe fọ́tòkọ́pì, ìdí ẹ̀ kún dáadáa, mo ní mọ́ṣínì ti bàjẹ́. Mọ́ṣínì tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́! Ó wò mí títí, ó yí padà, ìdí yẹn sì ń mì lọ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ mi gun alùpùpù wọn, wọ́n forí lé Òkèhò. Mo tan kọ̀ǹpútà, Mẹ́gáàdì ṣófo. Kò sí orúkọ kankan lójú ẹ̀. Mo ní háà, wọ́n ti bà á jẹ́ kí wọ́n tó jáde, kí n má baà rí nǹkan kan! Mo ká apá aṣọ mi. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn, pàbó. Mo wo fóònù tèmi, wáìfáì wà níbẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́. Á jẹ́ pé ara wáìfáì le, Mẹ́gáàdì ni ò ríran.

Mo bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà wa ò lè dá wáìfáì gbà, ike kékeré kan bí ìka ọwọ́ ni a kì bọ̀ ọ́ lẹ́yìn tó ń bá a gbà á. Ike náà ti yọ díẹ̀, eruku ọyẹ́ sì ti kún inú ihò ẹ̀. Mo fẹ́ ẹ fùù, mo fi ìṣẹ́tí ìborùn mi nù ún, mo kì í bọ ihò mìíràn. Mẹ́gáàdì bá lajú. Orúkọ fóònù mi yọ. Ìkejì tó yọ tẹ̀ lé e, Ìbàdíàrán.

Mo wo ṣọ́ọ̀bù yíká, kò séèyàn. Mo bọ́ síta, ewúrẹ́ nìkan ló wà lábẹ́ igi. Ṣé irọ́ ni Mẹ́gáàdì ń pa lóòótọ́ bí ọkọ mi ṣe wí? Mo pa wáìfáì fóònù mi, orúkọ mi lọ. Mo tàn án, ó padà. Mo tún un ṣe. Rárá o, kò parọ́. Obìnrin náà wà nítòsí. Ilé ọkọ mi nìkan ló sì wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.

Ibì kan wà lójú Mẹ́gáàdì téèyàn lè tẹ̀ láti lé fóònù síta. Mo tẹ̀ ẹ́ fún un. Mo ní ẹni tó bá jẹ́, á ké.

Kò pẹ́ rárá. "Ìyàwó waaa! Wáìfáì ti lọ o!"

Akọ̀wé ló ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, ìró láyà, fóònù lọ́wọ́.

"Kí lorúkọ fóònù yẹn?" ni mo bi í.

Ó gbá ìdí ara ẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Ìbàdíàrán ni! Àbí o ò rí i ni?"

Yéè! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo dì mọ́ ọn, kò tiẹ̀ mọ ohun tó ṣe mí. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọkọ mi nínú ọkàn mi, mo ní iyán ni n ó gún dè wọ́n. Mo dá fóònù Akọ̀wé padà sórí wáìfáì, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń wo fídíò. Ìgbà yẹn ni mo tó fara balẹ̀ wo Mẹ́gáàdì. "Akọ̀wé" kò sí níbẹ̀ mọ́.

"O wá pa orúkọ tí mo fún ọ rẹ́," ni mo wí, mo ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ta ló sọ ọ́ ní Ìbàdíàrán?"

Ojú ẹ̀ wà lára fídíò. "Ìyàwó wa ni."

"Èmi? N ò pè ọ́ bẹ́ẹ̀ rí."

Ọwọ́ ẹ̀ dúró lórí fóònù. Fídíò ń pariwo lọ, kò séyìí tó pa á nínú àwa méjèèjì.

"T'Òkèhò?" ni mo bi í.

"Jọ̀ọ́," ló wí, "má sọ pé ẹnu mi lo ti gbọ́ o."

Owú tí mo ti ń jẹ tẹ́lẹ̀, eré ni. Obìnrin kan wà ní Òkèhò tí kò lè pe Abíọ́nà ní Abíọ́nà, tó jókòó tó wá orúkọ fún un bí èmi náà ṣe wá a, orúkọ tiẹ̀ sì dùn ju tèmi lọ. Ó ti gba ọkọ, ó gba àbúrò ọkọ mọ́ ọn. N ò gún iyán kankan mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ mi dé. Kí alùpùpù tó dúró, orúkọ fóònù wọn ti yọ lójú Mẹ́gáàdì. Mo tẹ̀ ẹ́, mo lé e síta. Wọ́n wọlé, wọ́n ń gbọn eruku kúrò lára, wọ́n na fóònù sókè.

"Ìyá Mùyíbà, wáìfáì ò wọlé lórí fóònù mi o. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?"

"Kò bàjẹ́," ni mo wí. "Lọ lò ó l'Òkèhò."

Wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò jáde. "Lọ" ni mo wí, n ò wí pé "ẹ lọ". Ó sì gbọ́ ọ.