Ìlà Tó Wà Lára Ike Omi

Ìwọ tí ò ń ka èyí, gbọ́ o. Má ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ṣì gbóná. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kó o ṣí i, kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ ẹni náà. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá kan ilẹ̀, mú ọwọ́ rẹ kúrò. Èmi ni mo rí i, èmi náà ni mo ń sọ ọ́.

Ọ̀sán ni. Ọkọ̀ mi wà lẹ́yìn ilé wa n'Ìkìrun, mo ti gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè. Omi ń dà lẹ́nu ike kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíétọ̀, ike tó máa ń gba omi tí ẹ́ńjìnì bá tì jáde nígbà tó bá gbóná. Omi náà ní àwọ̀ ewé, ó sì ń rọra dà bí ẹni tí kò kánjú. Kò kán sílẹ̀. Ó gba ara ògiri gòkè, ó gba ojú fèrèsé wọ yàrá Màámi. Mo yọjú wò ó. Màámi sùn sórí bẹ́ẹ̀dì wọn, bàtà wọn ń léfòó kiri yàrá.

"Màámi, ẹ dìde."

"Kí n dìde lọ síbo? Ìwọ lò ń pariwo mọ́tò látàárọ̀. Tún un ṣe, kí n rójú sùn."

Nígbà tí mo yíjú padà, Bọ̀dá Búráímọ̀ ti jókòó sórí táyà àtijọ́ tí a fi ń ṣe àga lẹ́yìn ilé. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n. Mẹkáníìkì ni wọ́n kí wọ́n tó kú, ó sì ti di ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti kú. Aṣọ iṣẹ́ wọn ni wọ́n wọ̀, kò sí gírísì kankan lára rẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn kò kan ilẹ̀. Mi ò fẹ́ wo ibẹ̀, ibẹ̀ náà ni mo sì ń wò.

"Ẹ káàsán, Bọ̀dá."

"Àkànjí, o ṣì ń di sípánà mú bí ẹni tó fẹ́ fi mu ẹ̀kọ."

"Kí lẹ wá ṣe, sà?"

"Màámi ni mo wá mú. Bí omi yìí bá kan ìrọ̀rí wọn, a ó jọ máa lọ. Bó ò bá jẹ́ kó kàn án, èmi nìkan ni màá padà."

Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tó ní òun fẹ́ lọ ra iyọ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo fún àwọn rọ́bà tó ń gbé omi wọ ẹ́ńjìnì wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó là. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Èmi kọ́," mo sì fi í sílẹ̀. Mo wo fáànù. Ó ń yí dáadáa.

Mo wọlé lọ wo Màámi. Ilẹ̀kùn wọn ti di mẹ́ta. Mo gba ti àárín. Omi ti dé orí mátírẹ́ẹ̀sì. Màámi ti fi ẹ̀gbẹ́ kejì lélẹ̀, wọ́n ń hanrun.

Mo sáré jáde. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé tópù gáásíkẹ́ẹ̀tì ló jó ni?" Òun ni awẹ́ tó ń dí orí ẹ́ńjìnì kí omi má bàa wọ inú epo, òun ni gbogbo àwa awakọ̀ sì máa ń kọ́kọ́ bẹ̀rù.

"Ṣé atẹ́gùn ń jáde nínú omi rẹ, kùlùkùlù?"

Mo wò ó. "Rárá, sà."

"Ṣé epo ẹ́ńjìnì ti funfun bí ògì?"

Mo fa irin tí a fi ń wọn epo yọ. Epo náà dúdú bó ṣe yẹ. "Rárá, sà."

"Kí ni tópù gáásíkẹ́ẹ̀tì wá ṣe fún ọ? Ṣí ìdérí rédíétọ̀ wò."

Mo gbé ọwọ́ lé ìdérí náà. Ó gbóná bí agbada. Ó sọ̀rọ̀ lábẹ́ ọwọ́ mi, ó ní, "Ẹsẹ̀ wọn ńkọ́?" Mo wo ẹsẹ̀ Bọ̀dá. Mo mú ọwọ́ mi kúrò.

"O ti gbọ́n díẹ̀ sí i," Bọ̀dá wí.

Ìgbà yẹn ni mo tó wo ike náà dáadáa. Ìlà méjì ló wà lára rẹ̀, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Omi ti kọjá ìlà òkè, ó ti dé ẹnu. Èmi ni mo bù ú bẹ́ẹ̀. Láràárọ̀ ni mò ń bù ú kún dé ẹnu kí n tó jáde nílé. Omi tó bá gbóná a sì máa wú, mi ò fi àyè kankan sílẹ̀ tó máa wú sí. Kì í ṣe pé mi ò rí ìlà náà. Mò ń rí i látọjọ́ tí mo ti ra ọkọ̀ náà. Mi ò kàn lè dúró níbẹ̀ ni.

Nígbà tí Bọ̀dá wà ní ọsibítù, lẹ́yìn tí wọ́n la ikùn wọn, dókítà ní a kò gbọ́dọ̀ fún wọn lómi. Wọ́n bẹ̀ mí. Mo bu ìlàjì ife. Wọ́n mu ún, wọ́n wo inú ife, wọ́n wò mí. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá wọn. Mi ò mọ̀ bóyá ìlàjì tí mo fún wọn ló pa wọ́n, tàbí ìlàjì tí mi ò fún wọn. Láti ọjọ́ náà, mi ò bu omi fún nǹkan kan kí n má bù ú kún.

Fèrèsé pè mí lórúkọ. Omi náà ku ìka kan kó kan ìrọ̀rí Màámi.

Ife ọsibítù náà wà lórí bátìrì ọkọ̀. Ó tóbi ju ẹnu ike lọ, síbẹ̀ ó wọ inú rẹ̀. Mo bu omi náà jáde. Mo fẹ́ dà á sílẹ̀, ilẹ̀ kò gbà á. Bọ̀dá na ọwọ́.

"Gbé e wá."

"Bọ̀dá, dókítà ní..."

"Dókítà yẹn ti wà lọ́dọ̀ wa. Gbé e wá."

Mo gbé e fún wọn, ó kún bámúbámú. Wọ́n mu ún tán. Mo bu òmíràn, wọ́n mu ún. Ní ife kẹta, omi kúrò lórí mátírẹ́ẹ̀sì Màámi. Ní ife keje, omi inú ike dé ìlà òkè, ó dúró. Kò dà mọ́. Ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́.

Bọ̀dá tún na ife sí mi. "Ó ku ọ̀kan."

Mo wo ìlà náà. "Ó tó, sà," ni mo wí. "Ó ti dé ìlà."

Wọ́n gbé ife sílẹ̀. Wọ́n dìde. Ẹsẹ̀ wọn kan ilẹ̀.

Màámi pariwo látinú yàrá. "Àkànjí! Ta ló bọ́ bàtà tútù sórí bẹ́ẹ̀dì mi?"

Mo di apá aṣọ Bọ̀dá mú. "Bọ̀dá, ẹ má tíì lọ. Ìlàjì ọjọ́ yẹn, ṣé òun ló pa yín ni?"

Wọ́n wò mí bí wọ́n ṣe wò mí lọ́jọ́ náà. Wọ́n nawọ́ sí rédíétọ̀, wọ́n fi ọwọ́ lásán yọ ìdérí rẹ̀, èéfín kankan kò jáde. Wọ́n fi ìdérí náà dé ẹnu ara wọn. Wọ́n yí i sọ́tùn-ún, wọ́n tún yí i, títí ó fi dún "kọ́".

Mo tún bi wọ́n. Wọ́n mi orí sọ́tùn-ún sósì.