Ihò Tí Mo Ní Mo Ti Dí

Èmi ni mò ń tọ́jú ẹ̀rọ tó ń júwe ọ̀nà fún àwọn kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn wa. Bí nọ́ọ̀sì bá tẹ orúkọ ojúewé àwọn aláìsàn, ẹ̀rọ yìí ló máa sọ ibi tí ojúewé náà wà. Tó bá júwe rẹ̀ dáadáa, kò sẹ́ni tó máa dúpẹ́. Tó bá júwe òdì, èmi ni gbogbo ilé máa kọjú sí.

Lọ́jọ́ Ajé, àwọn tó ṣe sọ́fúwià rẹ̀ kéde pé ihò wà lára rẹ̀: olè lè gba ibẹ̀ kọ́ ọ nírọ́, kó máa darí èèyàn sí ojúewé ayédèrú. Wọ́n fi àtúnṣe ránṣẹ́. Mo gbé e sórí ẹ̀rọ, mo kọ "Ó ti parí" sínú ìwé iṣẹ́, mo sì jókòó pẹ̀sẹ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án tí mi ò sinmi nìyẹn.

Lọ́jọ́bọ̀, olè wọ inú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn. Páásíwọ́ọ̀dù ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, nọ́ọ̀sì àgbà, ló fi wọlé. Ọ̀gá pè wá jọ, ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi.

"Ojúewé ayédèrú lẹ tẹ̀ ẹ́ sí, Màmá Wọ́ọ̀dù. Ẹ lọ kó ẹrù yín. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n."

"Orúkọ tí mo máa ń tẹ̀ náà ni mo tẹ̀, sà."

Inú bí mi, torí mo gbà pé mo ti dí ihò náà. Ní kọ̀rọ̀, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká sòótọ́ jàre."

Ó ní, "Àbúrò mi, ó ti rẹ̀ mí."

Mo padà sí yàrá ẹ̀rọ, mo wo sọ́fúwià tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ti àtijọ́ ni. Mo gbé àtúnṣe wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò pa sọ́fúwià náà kí n tún un tàn, kí àtúnṣe náà lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo dà bí ẹni tó ra àgádágodo tuntun, tó fi sínú àpò, tó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Àfọwọ́fà mi ni.

Mo pa á, mo tún un tàn. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin péré ló gbà. Kò sẹ́ni tó rí mi, ojú sì tì mí.

Mo gbé ìwé iṣẹ́ lọ́wọ́. Mo bá ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ti kó bàtà rẹ̀ sínú báàgì. Mo gba báàgì náà.

"Ẹ padà sí wọ́ọ̀dù," ni mo wí. "Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni mò ń lọ. Èmi ni mo gbẹ́ kòtò náà."