Apá Ọrun Tí Profe Fi Sílẹ̀

Ìgbà tí ìròyìn ikú Profe, olùkọ́ ọfà títa, fi dé etí Idalmis, òkú ọkùnrin náà ti lo odindi ọjọ́ kan nínú ilẹ̀. Iná kò sí ní Jiguaní, ìlú Idalmis, láti ìjẹta, fóònù gbogbo ilé ti kú, òkú kò sì lè dúró de ẹnikẹ́ni nínú ooru yẹn. Ọkùnrin tó ń fi kẹ̀kẹ́ kiri búrẹ́dì ló sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà, ó sì tún béèrè bóyá ẹyọ kan ni yóò rà tàbí méjì.

Kò sunkún. Ó gbé àpò ọrun rẹ̀ kọ́ èjìká òsì, nítorí tọ̀tún ti ń ro ó láti oṣù mẹ́ta, ó sì wọ ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Bayamo, ní ilé Profe. Lójú ọ̀nà, ó ń rí Profe nínú eruku tí ọkọ̀ ń tú sílẹ̀ lẹ́yìn: ó káwọ́ gbera bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bá pẹ́ dé.

Zoraida, ìyàwó Profe, gbé kọfí fún un nínú ife kékeré. Osmel ọmọ wọn jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò gbójú sókè. Ó mọ ohun tó ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó fa ọrun Idalmis láti fi pa á lẹ́rìn-ín, ó sì tú u sílẹ̀ láìsí ọfà nínú rẹ̀. Kò sí tafàtafà tí kò mọ̀ pé èèwọ̀ ni: agbára tí kò rí ọfà gbé lọ, inú ọrun ló ń padà sí. Apá méjì ni irú ọrun ìdíje bẹ́ẹ̀ ní, tòkè àti tìsàlẹ̀, tí wọ́n ń dè mọ́ ìdìmú àárín rẹ̀. Apá òkè ọrun náà là bí ìrèké gbígbẹ. Profe gbọ́ ìró náà lórí ibùsùn àìsàn, ó sì di ojú. Apá ìsàlẹ̀ kò fara pa, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan náà ni wọ́n ṣe àwọn méjèèjì, a kì í sì í so ìkejì òkú mọ́ àjèjì. Àtòkè àtìsàlẹ̀ ló di pípààrọ̀.

Zoraida tú ìdì kan sórí tábìlì. Apá ọrun oríṣi méjì ló wà níbẹ̀. Dúdú ni ti àkọ́kọ́, pọ́n-ùn ogójì ni wọ́n kọ sí i, ìwọ̀n agbára tí a fi ń fà á. Òun ni Profe fi ta ọfà fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ nígbà èwe. Funfun ni ìkejì, ìwọ̀n méjìlélọ́gbọ̀n, tó fi ń kọ́ àwọn ọmọdé.

“Má wulẹ̀ wo funfun yẹn,” Osmel wí. “Ti àwọn tí eyín wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká ni.”

Ó ti sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn ní ibojì pé apá dúdú bàbá òun ni Idalmis yóò gbé lọ sí ìdíje tí wọ́n fi ń yan ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè ní Havana, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i.

Idalmis de apá dúdú mọ́ ìdìmú, ó fi okùn sí i, ó wò ó bóyá okùn gba àárín gbùngbùn apá méjèèjì. Ó fi òwú fẹ́lẹ́ ra etí wọn lókè nísàlẹ̀, kí ó lè há bí ibì kan bá sán. Òwú kò há níbì kankan. Kò sí àléébù lára wọn, ìyẹn gan-an ló sì bà á nínú jẹ́. Ì bá fẹ́ rí ẹyọ kan.

Ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó fà á. Ọwọ́ rẹ̀ gùn, ó ń fa ọrun jìnnà, bó sì ṣe jìnnà tó ló ń le tó, nítorí náà ogójì ju ogójì lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun kan nínú èjìká rẹ̀ ń ya díẹ̀díẹ̀, bí aṣọ tó ti gbó.

“Ṣé èjìká nìyẹn, àbí àgádágodo tó dípẹtà?” Osmel béèrè. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni, Ida. Lẹ́yìn ìyẹn, kó já tó bá fẹ́ já.”

Idalmis pààrọ̀ sí funfun. Kò dùn ún rárá. Ṣùgbọ́n apá líle ni wọ́n gé àwọn ọfà rẹ̀ fún, kò sì sí òmíràn: wọ́n ń ju ìdí kiri, àádọ́rin mítà tí wọ́n ń ta ní ìdíje sì ti jìnnà jù fún wọn. Kò sẹ́ni tó ń fi èyí dé Havana.

Zoraida ń wò wọ́n láti ẹnu ilẹ̀kùn. Ó ní láti oṣù márùn-ún, Profe kò lè fi ọwọ́ ọ̀tún lé eṣinṣin kúrò lójú ara rẹ̀. Òun ló ń gbé ife sí i lẹ́nu. Profe máa ń ṣẹ̀fẹ̀ pé òun fi ọwọ́ náà ta orílẹ̀-èdè lọ́rẹ, wọ́n sì dúpẹ́.

“Kí ló ní kí n mú, mà?” Idalmis béèrè.

“Ó ní kí n jẹ́ kí o yàn án fúnra rẹ. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.”

Idalmis wọlé, ó di apá dúdú méjèèjì pọ̀, tòkè mọ́ tìsàlẹ̀, ó sì gbé wọn lé Osmel lọ́wọ́.

“Osmel, funfun ni mo mú,” ó wí. “Mi ò ní lọ sí Havana.”