Bàbá Àgbà Nínú Ilé Ìdáná

"Bọ́ì! Bọ́ì o! Ṣé o ti di adití ni?"

Ohùn Màdáámú gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọ ilé ìdáná. Ọkùnrin tó ń pè dúró ti sítóòfù, ó ń wo ọbẹ̀ tó ń hó. Etí rẹ̀ dá ṣáṣá. Kò kàn dáhùn ni.

Láti ìgbà tó ti ń sìn nílé yìí ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Màdáámú gbà á lẹ́nu ìyá rẹ̀, àwọn ọmọ Màdáámú sì gbà á lẹ́nu tiwọn. Irun ọkùnrin náà funfun, orúnkún ń ro ó, bọ́ì náà ni. Kò bá wọn jà sí i rí. Ó ní orúkọ kì í bu èèyàn jẹ.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yẹn, bó ṣe ń gé àlùbọ́sà, ọmọ rẹ̀ obìnrin pè é lórí fóònù, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá, mo ti bí o! Obìnrin ni! Ẹ ti di bàbá àgbà!" Ọmọ tí wọ́n ti ń wojú Ọlọ́run fún tipẹ́tipẹ́. Nígbà tí omijé ń já bọ́ lójú ọkùnrin náà, àlùbọ́sà ló dá lẹ́bi.

Ẹni tó di bàbá àgbà láàárọ̀, ṣé yóò tún máa jẹ́ ọmọdékùnrin lọ́sàn-án?

Màdáámú já wọlé. "Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ti jókòó ní pálọ̀ pẹ̀lú àwọn àlejò tó kù, mò ń pe bọ́ì, bọ́ì ń dá mi lóhùn nínú ikùn!"

"Ẹ má bínú, mà. Bọ́ì ò sí níbí mọ́."

"Kí lo wí?"

"Ọmọ mi bímọ láàárọ̀ yìí, mà. Mo ti di bàbá àgbà. Oúnjẹ ti jinná, mo sì ń gbé e bọ̀. Àmọ́ mi ò ní jẹ́ bọ́ì mọ́."

"Tó ò bá jẹ́ ẹ, á jẹ́ pé o fẹ́ kó ẹrù ẹ nìyẹn."

Níbo ni yóò ti ríṣẹ́ lọ́jọ́ orí rẹ̀ yìí? Síbẹ̀, ó tú aṣọ ìdáná tó so mọ́ ìdí, ó ká a, ó gbé e sórí tábìlì.

"Mo ti gbọ́, mà. Ẹ ṣeun fún ọjọ́ gbogbo."

"Ta ló ń lọ síbo?"

Bàbá tó bí Màdáámú ló sọ̀rọ̀. Arúgbó náà ti fi ọ̀pá tilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, gbogbo ọ̀rọ̀ náà ló gbọ́. Àwọn àlejò ní pálọ̀ pàápàá ti ń na etí.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n—"

"Dákẹ́ ná. Ṣé o mọ iṣẹ́ tí bàbá mi ṣe? Bọ́ì ni. Ilé òyìnbó kan ló ti sìn. Orí rẹ̀ funfun bí òwú, ṣòkòtò péńpé ni wọ́n ń wọ̀ fún un. Ọmọ òyìnbó tí mo fi ọdún jù á pe bàbá mi ní ọmọdé lójú mi, bàbá mi á ní, 'Sà!' Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́ di kúùkù, ṣe ló ń jó wọlé bí ẹni tó joyè. Àwọn ìyẹn ò mọ̀ wá. Àwa ńkọ́?"

Màdáámú wo ọkùnrin tó dúró níwájú rẹ̀, ó wò ó bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ó wí. Kì í ṣe bàbá tó bí i ló ń bá sọ̀rọ̀. "Ẹ kú ewu ọmọ."

Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ gbé oúnjẹ jáde. Àwọn àlejò dìde, wọ́n ń kí i, "Ẹ kú oríire, Bàbá!" Ọ̀gá Màdáámú tọ́ ọbẹ̀ wò, ó mi orí pé ó dùn.

"Ẹ jẹ ẹ́ dáadáa o," ọkùnrin náà ní. "Lọ́la, mò ń lọ gbé ọmọ-ọmọ mi. Màdáámú ni yóò máa dáná títí n ó fi dé."

"Èmi kẹ̀? Omi gbígbóná nìkan ni mo mọ̀ ọ́n sè!"

"A óò mu ún bẹ́ẹ̀," arúgbó náà ní. Ẹ̀rín bú jáde. Ó fi ọ̀pá ti àga kan síwájú. "Ẹ jókòó, ẹ ròyìn ọmọ fún wa."

Ọkùnrin náà jókòó. "Ẹ̀yin ò gbọ́ bó ṣe ń ké," ó ní. "Ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ fóònù mi!"